Wọ́n ní kí n wá ta gìtá rídíìmù fún ìrìn-àjò nìkan: kí ni iṣẹ́ mi gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọmọ ọdún 24 ni mí, Àpẹ́tẹ́ ni mò ń gbé, mo sì ti ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láti bí ọdún mẹ́fà. Ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ẹlẹ́ni mẹ́rin kan níbí nílùú Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwo jáde, wọ́n sì fẹ́ gbé e yí ìlú mẹ́fà ká: Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Àkúrẹ́, Ìlọrin, Abẹ́òkúta àti Èkó. Wọ́n ní kí n wá máa ta rídíìmù fún àwọn, ìyẹn gìtá tó ń gbé kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí a ta pọ̀) lábẹ́ orin, ṣùgbọ́n fún ìrìn-àjò yìí nìkan. N kò ní sí nínú fọ́tò, n kò sì ní jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní iṣẹ́ alágbàrù ni wọ́n gbé fún mi, pé ṣàkà-ṣàkà ni màá máa ta lẹ́yìn ẹni tó ń gbayì. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni iṣẹ́ ẹni tó ń ta rídíìmù lójú ọ̀nà gan-an? Ṣé kí n gbà á?

Àbúrò mi, gbà á. Ṣùgbọ́n má tíì fún wọn lésì. Ọ̀rọ̀ kan wà nípa owó tó yẹ kí o kọ́kọ́ bi wọ́n, màá dé ibẹ̀ tó bá yá. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn, nítorí èmi náà ní irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1988, mo ń ta rídíìmù fún ẹgbẹ́ jùjú kan. A lọ ṣeré níbi òkú àgbà ní Òkè-Àdó, eré àṣemọ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi wá wò mí, ó sì fi gbogbo òru ka iye èèyàn tó lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. Òfo ni. Ọ̀gá olórin ń gbowó, ẹni tó ń ta líìdì, gìtá tó ń léwájú, ń gbowó, onígángan ń gbowó, èmi dúró lẹ́yìn bí òpó. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì òru, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, mo sì yọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Kí n tó padà, àwọn ìyá tó ń jó ti ń rọra lọ jókòó, ọ̀gá wa sì ń bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ tí kò tíì mọ ohun tí wọ́n jí. Orin kò dúró o. Onílù ń lù, líìdì ń ké. Ohun tó ń gbé ẹsẹ̀ àwọn oníjó ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo gbé gìtá kọ́rùn, mo bọ́ sínú ègbè, kò pẹ́ tí ojú agbo fi kún padà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi gan-an, ohun tó sọ fún mi láàárọ̀ ni pé àwọn ìyá yẹn lọ jẹ iyán ni.

O ti rí àwọn onídùndún rí. Ojú gbogbo ayé wà lára ìyáàlù, òun ló ń kini, òun ló ń pòwe, òun ni wọ́n ń náwó fún. Lọ́jọ́ tí o bá tún rí wọn, wo ẹni tó fi gúdúgúdú kọ́rùn, ìlù kékeré bí àwo yẹn, tó ń fi awọ lílọ́ méjì nà án. Gúdúgúdú kì í pòwe. Ohùn kan náà ló ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n orí ohùn yẹn ni ìyáàlù ń rìn, bí ó bá sì ṣi ẹsẹ̀ gbé, òwe ìyáàlù kò ní mọ ibi tó máa balẹ̀ sí. Àwọn tó kó jùjú jáde lọ sílẹ̀ òkèèrè mọ èyí dáadáa. Nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, gìtá Hawaii tí Demola Adepoju ń ta ni àwọn òyìnbó ń pariwo rẹ̀. Bọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí o wá gbọ́ àwọn gìtá kéékèèké tó ń tún gbólóhùn kan náà sọ láìsinmi. Yọ wọ́n kúrò, kí o rí i bóyá gìtá Hawaii yẹn ṣì máa dùn.

Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ní ṣàkà-ṣàkà ni, sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣàkà-ṣàkà ni.

Ní ti rọ́ọ̀kì, ìdí tí wọ́n fi nílò rẹ lójú ọ̀nà tí wọn kò fi nílò rẹ ní sítúdíò hàn kedere bí o bá gbé àwo wọn sétí. Fi íápísì sí etí méjèèjì. Yọ ti ọ̀tún, gbọ́ ti òsì nìkan. Yọ ti òsì, gbọ́ ti ọ̀tún. Bó ṣe sábà máa ń rí nínú rọ́ọ̀kì nìyí: ẹnì kan náà yóò ta ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á gbé ọ̀kan sápá ọ̀tún, wọ́n á gbé èkejì sápá òsì, kí ohùn náà lè fẹ̀. Wọ́n lè tún fi ẹ̀kẹta kún un nígbà ègbè, kí sólò, ibi tí gìtá ti ń dá kọrin, wá gorí gbogbo rẹ̀. Gìtá mẹ́rin, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n bá wá dórí ìtàgé, ọwọ́ méjì péré ni Ọlọ́run dá mọ́ ọmọkùnrin náà. Ìgbà tó bá ti bọ́ sórí sólò, kọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ nìyẹn, béèsì àti dírọ́ọ̀mù nìkan ló kù nílẹ̀, ibi tó yẹ kí orin ti ga jù lọ ni yóò wá rù.

Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ni nǹkan yìí ń dà láàmú. Ẹgbẹ́ BLO tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1972, ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n: Berkley Jones lórí gìtá, Mike Odumosu lórí béèsì, Laolu Akintobi lórí dírọ́ọ̀mù. Wọ́n kọ orin wọn fún ọwọ́ mẹ́ta, béèsì kò sì jẹ́ kí àlàfo ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n àwo tí wọ́n bá ti kó gìtá mẹ́rin sí nínú, gbèsè ni ẹni tó ṣe é jẹ, orí ìtàgé ni àwọn èèyàn sì ti máa wá gbà á. Ìwọ ni wọ́n gbà láti bá wọn san gbèsè yẹn.

Nígbà míì, olórin gan-an ni wọ́n ń gba ẹrù lọ́rùn rẹ̀. Ní 1993, Nirvana, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà tí ẹni mẹ́ta wà nínú rẹ̀ nígbà náà, mú Pat Smear wá láti ta gìtá kejì lójú ọ̀nà, kí Kurt Cobain, olórin wọn, má baà máa fi ọkàn kan kọrin kó tún fi ọkàn kejì ṣọ́ ìka. Òun ló wà níbẹ̀ ní eré Unplugged tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n MTV ní New York ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Metallica, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà mìíràn. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1992, ní Montreal, iná orí ìtàgé jó ọwọ́ òsì James Hetfield, olórin wọn, tó tún jẹ́ pé òun gan-an ló ń ta rídíìmù. Wọn kò fagi lé ìyókù ìrìn-àjò náà. Wọ́n pe John Marshall, ẹni tó ti ń bá wọn tọ́jú gìtá tẹ́lẹ̀, ó sì ta gbogbo rídíìmù náà nígbà tí Hetfield dúró níwájú máìkì pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. Ó ti bá wọn ṣe irú rẹ̀ rí ní 1986, nígbà tí Hetfield dá lápá. Rò ó wò: ẹni tó ń pààrọ̀ okùn lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tó mọ orin wọn dé eegun débi pé ó bọ́ síwájú èrò, kò sì dá ohunkóhun rú.

Ó yá, iṣẹ́ ọwọ́. Ibí ni mo ti fẹ́ kí o fara balẹ̀.

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ́, nítorí náà mo mọ ohun tí o mọ̀ àti àìsàn tó ń ṣe ọ́. Ohun tí o mọ̀ ni etí. Ẹni tó ti ń tẹ̀ lé ìyá olórin ìyìn níbí fún ọdún mẹ́fà, ìyá tí yóò bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá wù ú, tí yóò sì bọ́ sí kíì míì láìwẹ̀yìn, ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní sọnù nínú orin rọ́ọ̀kì. Àìsàn rẹ ni pé o kì í lè rí àlàfo kí o má kún un. Bí olórin bá mí, o ti fi ìka mẹ́rin dá a lóhùn lókè. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní ọmọ náà gbóná. Nínú rọ́ọ̀kì, inú èémí yẹn ni snare, ìlù kékeré tó ń dún gbà nínú dírọ́ọ̀mù, ti ń sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ ni líìdì ti fẹ́ bọ́ síwájú. Bí o bá ti kún un, o ti tì wọ́n síta. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kàn, bí o bá ń fi àwo wọn dánra wò nílé, ta kọ́ọ̀dù, kí o sì pa ẹnu ìka rẹ mọ́ títí kọ́ọ̀dù tó kàn yóò fi dé. Yóò rí ọ lára bí ààwẹ̀.

Jùjú náà ní ti ẹ̀ tó yàtọ̀. Ohùn tí a ń lò níbẹ̀ mọ́ gaara, okùn òkè ni a ń rìn lé, gbólóhùn náà kéré, ó sì ń yípo. Rọ́ọ̀kì fẹ̀, ó sì wúwo, bí a bá ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, snare sì ń gbá kìì lórí èjì àti ẹ̀rin. Bí ohùn bá ti há, bí distortion, ìhá tí ẹ̀rọ ń fi sí ohùn gìtá, bá ti wọ̀ ọ́, kọ́ọ̀dù tó pé bí èyí tí ò ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yóò dà bí ọjà Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo ẹnu ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń mú doh àti soh nìkan, wọ́n á fi "mi" tó wà láàárín wọn sílẹ̀. Okùn méjì tàbí mẹ́ta, tó ti tó. Jẹ́ kí olórin fi ẹnu rẹ̀ mú "mi" wá.

Lẹ́yìn náà, má dúró síbi tí líìdì dúró sí lórí ọrùn gìtá. Bí òun bá ń ta G ní ojú kẹta lórí okùn tó nípọn jù lọ, ìwọ gbé tìrẹ lọ sí ojú kẹwàá lórí okùn A tó tẹ̀ lé e. G náà ni, àmọ́ ohùn rẹ̀ kì í ṣe ìkan náà. Gìtá méjì tó bá ń ta ohun kan náà níbì kan náà, èrò yóò gbọ́ ọ bíi gìtá kan tí kò mọ́. Ó yẹ kí ìwọ àti líìdì jókòó kí ìfidánrawò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ìwé kékeré pín gìtá inú àwo náà láàárín ara yín, orin lẹ́yìn orin: ta ló ni ìbẹ̀rẹ̀, ta ló ni èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ, ta ló ń gun ègbè. Èyí tí ẹ kò bá lè ta lójú ìtàgé, ẹ jọ fẹnu kò pé ẹ fi í sílẹ̀. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí ẹni méjèèjì rò pé èkejì ló ni ìbẹ̀rẹ̀ orin. Dákẹ́ rọ́rọ́.

Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo ẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń wo ìka òsì, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ló ń ta rídíìmù. Fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé okùn níbi tó ti so mọ́ ara igi, kí ohùn lè kúrú kó sì ki. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá okùn sísàlẹ̀ nìkan láìgbé ọwọ́ sókè gbá a, orin odindi, nítorí ìlọ àti bọ̀ kì í ní ìwọ̀n kan náà, etí sì ń gbọ́ ọ. Yóò dùn ọ́ ní apá. Bí ó bá dé egungun, dúró, sinmi, má ṣe akin. Kí o sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ohùn. Ìgbà tí kọ́ọ̀dù kú ṣe pàtàkì bí ìgbà tí wọ́n bí i: bí dírọ́ọ̀mù bá dá dúró, kí tìrẹ náà dá dúró pẹ̀lú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má máa wọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e bí ìró aṣọ.

Ta ni kí o wá tẹ̀ lé? Onídírọ́ọ̀mù. Má tẹ̀ lé olórin, má tẹ̀ lé líìdì. Àwọn yẹn lè sáré nígbà tí orí wọn bá wú; ìwọ àti onídírọ́ọ̀mù àti béèsì ni kò gbọdọ̀ sáré. Wo ọwọ́ rẹ̀ lórí hi-hat, àwo irin méjì tó ń pàdé yẹn. Kí o sì dúró nítòsí rẹ̀, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìkan. Ohùn máa ń rin nǹkan bí mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí o bá dúró ní mítà mẹ́wàá sí i lórí ìtàgé ńlá, nǹkan bí ìdá 29 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ni yóò fi pẹ́ kí ìlù rẹ̀ tó kàn ọ́ létí. Lórí orin tó ń lu 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò ìgbá kan, bí o bá ń gbá okùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ìlù kọ̀ọ̀kan. Bí o bá tẹ̀ lé ohun tí o gbọ́ níbẹ̀, o ti pẹ́, ohun tí èrò yóò kàn máa sọ ni pé "orin yẹn ń fa ẹsẹ̀". Malcolm Young, tó dá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì AC/DC sílẹ̀ pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ Angus ní Sydney ní 1973, ẹ̀yìn lẹ́bàá dírọ́ọ̀mù ló máa ń dúró sí. Yóò rìn síwájú wá gbe ègbè ní máìkì, yóò sì padà sí ààyè rẹ̀. Angus ń sáré kiri pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé. Nígbà tí Malcolm kò lè bá wọn lọ sí apá kan nínú ìrìn-àjò 1988, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn Stevie Young ló rọ́pò rẹ̀, òun náà ni wọ́n pe padà nígbà tí àìsàn iyè mú Malcolm kúrò pátápátá ní 2014. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó lọ wò wọ́n lọ́dún 1988 ni kò mọ̀ pé ó yí padà. Kò sí ìyìn tó ju ìyẹn lọ fún iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọ yìí.

Ní ti ohùn, ohun tí mo sábà máa ń bá ọmọ tuntun jà lé lórí ni distortion. Ó pọ̀ jù. Nínú yàrá rẹ, ó máa ń dùn. Nínú ẹgbẹ́, ìyẹn ló ń bò ọ́ mọ́lẹ̀. Dín in kù sí bí ìdajì ohun tí líìdì ń lò. Yí bọ́tìnnì bass orí áńpù rẹ, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, wálẹ̀ pẹ̀lú; gìtá béèsì àti kick, ìlù ńlá tí onídírọ́ọ̀mù ń fi ẹsẹ̀ gbá, ló ni ohùn ìsàlẹ̀. Bí o bá dá nìkan ta á, yóò rí tínrín bí ohùn ẹni tó ní ọ̀fìnkìn, ìwọ fún un láyè títí yòókù yóò fi wọlé. Kí o sì gba ìfidánrawò sílẹ̀ lórí fóònù láti ibi tí èrò máa ń dúró sí, kì í ṣe láti ibi tí ìwọ dúró. Lẹ́yìn náà, sọ fún wọn kí wọ́n ṣe orin kan láìsí ìwọ, kí o gba ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú. Bí méjèèjì bá rí bákan náà létí, a jẹ́ pé o kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó lè jẹ́ pé wọ́n máa ní kí o gbe ègbè. Máa retí rẹ̀. Ohùn kejì tí o kọ́ ní ìdí àwọn akọrin yẹn, ọjọ́ rẹ̀ ti dé.

Ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Gìtá méjì ni kí o mú dání, bí ìkan tilẹ̀ jẹ́ àyálò. Okùn yóò já, àárín orin ló sì máa ń já sí. Pààrọ̀ okùn kí eré kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, má dúró dìgbà tó bá pọ́n. Bí ìrìn-àjò yín bá bọ́ sí oṣù kejìlá tàbí oṣù kìn-ín-ní, ọyẹ́ ń bọ̀. Igi gìtá yóò gbẹ, ọrùn rẹ̀ yóò yí díẹ̀, ohùn okùn yóò máa yẹ̀, ó tilẹ̀ máa ń le jù ní apá Ìlọrin lọ́hùn-ún. Fi gìtá sínú àpótí rẹ̀ nígbàkígbà tí o kò bá ń ta á, má sì fi sínú búùtù ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Mo mọ ẹnì kan tó fi ti ẹ̀ sílẹ̀ nínú búùtù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí i, afárá gìtá náà, ibi tí okùn so mọ́, ti ń ká kúrò lára igi.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kì í ṣe àwàdà. Ní gbọ̀ngàn kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, wọ́n fi jẹnẹrétọ̀ tí kò ní wáyà ilẹ̀ ṣiṣẹ́. Ọwọ́ mi wà lórí okùn gìtá, mo fi ètè kan máìkì láti gbe ègbè. Ohun tí mo rántí lẹ́yìn ìyẹn ni pé mo wà nílẹ̀, oníbéèsì ń pe orúkọ mi. Láti ọjọ́ náà, kí n tó kọrin níbikíbi, màá ní kí oníná fi tẹ́sítà wọn ohun tó wà láàárín máìkì àti okùn gìtá mi. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Fi fóòmù bo orí máìkì pẹ̀lú. Àyẹ̀wò ohùn lọ́sàn-án sì kì í ṣe ìgbà tí o máa dánra wò o, ìgbà tí o máa mọ̀ bóyá o máa délé ni.

Ó tún ku ìwà. Ilé onílé ni o wọ̀. Àwọn mẹ́rin yìí ti jọ jìyà fún ọdún bíi mélòó kan, wọ́n ní ìjà tí o kò mọ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá ń jà nínú bọ́ọ̀sì, sùn. Bí olórin bá fo ẹsẹ kan lójú ìtàgé, tẹ̀ lé e, má wò ó lójú bí ẹni tó mú olè. Má sì fi etí sí ẹnikẹ́ni tó bá yọ́ wá sọ fún ọ pé ìwọ lo mọ̀ ọ́n ta ju líìdì lọ.

Owó wá. O ti rí i pé n kò gbàgbé. Àwọn ohun tó yẹ kí o bi wọ́n kí o tó dáhùn: ṣé eré nìkan ni wọ́n ń sanwó fún, àbí ọjọ́ ìfidánrawò àti ọjọ́ tí ẹ bá wà lójú ọ̀nà náà wà nínú rẹ̀? Ta ló ń san owó oúnjẹ àti ibùsùn? Bí wọ́n bá fagi lé eré Àkúrẹ́ lọ́jọ́ tó kù ọ̀la, ṣé owó rẹ lọ nìyẹn? Ní kí wọ́n san ìdajì kí ọkọ̀ tó gbéra, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, bó jẹ́ lórí WhatsApp. Èyí tí àwọn ọmọ ìsinyìí máa ń gbàgbé ni fídíò. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 fún ẹni tó ṣeré ní ẹ̀tọ́ lórí gbígba eré rẹ̀ sílẹ̀ àti lórí títa ohun tí wọ́n gbà náà. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ bí o bá fún wọn láyè, ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé o mọ̀ pé o fún wọn. Ẹ̀tọ́ orin fúnra rẹ̀, ti ẹni tó kọ ọ́ ni, kì í ṣe tìrẹ. Àmọ́ bí o bá dá gbólóhùn gìtá kan sílẹ̀ nínú ìfidánrawò, tí wọ́n sì ní àwọn fẹ́ lò ó nínú àwo tó ń bọ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí o sọ̀rọ̀. Èmi kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tèmi. Mo ṣì máa ń gbọ́ gbólóhùn náà nílé ayẹyẹ, màá kàn máa fi orí jó o.

Ní ti fọ́tò àti ọmọ ẹgbẹ́, má jẹ́ kó dùn ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí wọ́n gbà fún ìrìn-àjò yàtọ̀ sí ẹni tó ni ẹgbẹ́, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Nirvana wọ inú Rock and Roll Hall of Fame, ilé ọlá àwọn olórin rọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà, ní 2014, Pat Smear wà lórí ìtàgé lọ́jọ́ náà tó ń ta gìtá, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tí wọ́n gbé wọlé. Jason White, onígìtá, bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹgbẹ́ Green Day rìn ní 1999, wọ́n sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ ní 2012, ó sì tún padà sí ipò ẹni tó ń bá wọn rìn ní 2016, iṣẹ́ ń lọ. Ọ̀nà lè ṣí láti ibẹ̀ o. Smear bá Dave Grohl, onídírọ́ọ̀mù Nirvana, wọ ẹgbẹ́ Foo Fighters lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n agbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì ta. Wọ ọkọ̀ nítorí iṣẹ́ àti owó tí ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ohun kan ṣoṣo ni kí o bẹ̀ wọ́n fún, kò sì ní ná wọn ní kọ́bọ̀: nígbà tí olórin bá ń dárúkọ àwọn ẹgbẹ́ fún èrò, kó dárúkọ tìrẹ náà.

Ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ọ wá sí eré ti Ìbàdàn, kó dúró lẹ́yìn lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe ohùn. Nígbà àyẹ̀wò ohùn, bẹ ọkùnrin náà kó pa gìtá rẹ fún bí ìṣẹ́jú kan nínú ègbè, kó tún tan án.

Gbé gìtá náà wá kí ọyẹ́ tó dé, kí n bá ọ wo ọrùn rẹ̀. Mo máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù láti aago mẹ́wàá, àyàfi Ọjọ́bọ̀. Mú okùn tuntun dání, èyí tó nípọn díẹ̀ ju èyí tí ò ń lò lọ. Ti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ti fẹ́lẹ́ jù fún irú gbígbá tó ń bọ̀ yìí.